Ike Kékeré Abẹ́ Òkúta: Ìtanijí fún Ìdílé Tó Fẹ́ Ṣe Geocaching ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí ẹ bá ń kọjá lọ lọ́sàn-án Sátidé, tí ẹ rí bàbá kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé, tó ń ti ike kékeré kan bọ abẹ́ òkúta, tí ọmọ méjì dúró tì í tí wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì, kí ló máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn? Ẹlòmíràn á ní ẹbọ ni. Ẹlòmíràn á ní oògùn owó ni, kó má lọ jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ló kó dání. Ẹni tó bá rántí ìkọlù tó wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 á ti fa fóònù yọ, á máa pe ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Kò sí ẹni tó máa sọ pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀, eré ni. Geocaching ni wọ́n ń pè é: ẹnì kan á fi ike pamọ́ síbì kan, á kọ nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdílé mìíràn á gbé fóònù, wọ́n á wá a lọ. Òbí tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Houston lè ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Eré tó dára ni. Ó ń mú ọmọ dìde lórí àga, ó ń mú un rìn, ó sì ń jẹ́ kó mọ ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá a sílẹ̀ ò ro àdúgbò tiwa mọ́ ọn. Ohun tó lè kọ́kọ́ bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ níhìn-ín kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe ejò. Èèyàn ni, àti ohun tí èèyàn máa rò nígbà tó bá rí yín.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń lọ

Tẹ́lẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS rú fún ará ìlú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Bill Clinton ní kí wọ́n dá a dúró. Kò pẹ́ kò jìnnà, lọ́jọ́ 3 oṣù náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá dúdú kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tó bá lè rí i lọ wá a. Wọ́n lọ, wọ́n sì rí i. Ìwé wà nínú korobá náà, owó díẹ̀ wà níbẹ̀, agolo ẹ̀wà kan náà wà níbẹ̀. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ló wà káàkiri ayé. Èyí tó wà ní Nàìjíríà ò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìdílé níbí fi máa ń fẹ́ fi tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wá ti ẹlòmíràn rí.

Òfin rẹ̀ ò le. Ẹ wá ike náà, ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sínú ìwé kékeré tó wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti rí i gẹ́lẹ́. Tí ohun ìṣeré bá wà níbẹ̀ tí ọmọ mú ọ̀kan, kó fi òmíràn tó tó o tàbí tó jù ú lọ dípò rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi tiyín sílẹ̀, ẹ máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ojú òpó geocaching.com, ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ti ẹlòmíràn ju nǹkan bíi mítà 161 lọ. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ láti sin ín, wọ́n sì ní kéèyàn tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti onílẹ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà dé ibẹ̀.

Ọfà orí fóònù

Ibi tí ìdílé ti máa ń bá ara wọn jà nìyí. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà. Fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ àmì láti ọ̀dọ̀ mẹ́rin nínú wọn, ó kéré tán, kó tó lè sọ ibi tó wà. Ní gbangba tí kò sí igi tàbí ilé, fóònù tó dáa ṣì lè fi nǹkan bíi mítà márùn-ún ṣì í. Ẹ̀yin á ní kí ni mítà márùn-ún, àfi tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀: márùn-ún síwájú, márùn-ún sẹ́yìn, márùn-ún sọ́tùn-ún, márùn-ún sósì. Ilé kékeré kan lè wọ inú rẹ̀. Lábẹ́ igi tó ṣíji bolẹ̀, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta ńlá bíi ti Ìdànrè, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àmì náà á kọ́kọ́ gbá lára àpáta kó tó dé ọ̀dọ̀ fóònù. Ọfà á fò sọ́tùn-ún, ẹ̀gbọ́n á sá tẹ̀ lé e. Ọfà á padà sósì, àbúrò á pariwo pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá á gba fóònù lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Tó bá ti ku bíi mítà mẹ́wàá, ẹ ti fóònù bọ àpò. Ẹ bi àwọn ọmọ pé, "Ká ní ìwọ lo fẹ́ fi nǹkan pamọ́ níhìn-ín, ibo lo máa fi sí?" Ọmọdé máa ń ṣáájú àgbà rí i, nítorí ojú wọn sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n sì ti fi bojúbojú kọ́ṣẹ́.

Àṣìṣe tó ń gbé èèyàn jìnnà jù ni ti nọ́ńbà. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi díńgírì 7 àti ìṣẹ́jú 15 sí àríwá. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú díńgírì kan, nítorí náà ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà kọ ibì kan náà: 7°15′ tàbí 7.25. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fún ní 7°15′ tó tẹ 7.15 sínú fóònù ti fi nǹkan bíi kìlómítà 11 ré kọjá sí gúúsù, inú igbó tàbí inú oko kòkó olóko ló ṣeé ṣe kó bá ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní 7.25 tó kà á sí 7°25′ ti fi bíi kìlómítà 18 àbọ̀ lọ sí àríwá, ó ti forí lé apá Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti lẹ́tà ẹ̀yìn nọ́ńbà kejì, èyí tó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Níbi tó yẹ kéèyàn ti tẹ E fún ìlà-oòrùn, tó bá ṣèèṣì tẹ W, fóònù á wá Àkúrẹ́ lọ sí Côte d'Ivoire, sáàárín Yamoussoukro àti Bouaké, tó fi ohun tó lé ní 1,100 kìlómítà jìnnà sílé. Kí ẹ tó ra epo sọ́kọ̀, ẹ la máàpù wò, ẹ rí i pé ibi tí ẹ rò náà ni fóònù ń sọ.

GPS fúnra rẹ̀ kì í jẹ dátà, àwòrán máàpù ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù láti ilé. Bí iná sì ṣe ń ṣe wá yìí, ẹ má gbójú lé bátìrì tó wà ní àbọ̀: ẹ mú páwà báǹkì dání, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sórí bébà.

"Màdáámù, kí lẹ sọ nù?"

Ká ní ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méjì dé abẹ́ igi kan nítòsí géètì ọgbà kan ní Oǹdó. Wọ́n ti yí igi náà ká títí. Ìyá ń wo fóònù, àbúrò ti kúnlẹ̀, ó ń fi igi tú ewé gbígbẹ. Bàbá ọlọ́dẹ dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

"Màdáámù, kí lẹ sọ nù?"

Ìyá ò tíì la ẹnu tí àbúrò fi dáhùn: "A ò sọ nǹkan kan nù, sà. Ìṣúra là ń wá."

Ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ti tó. Ọlọ́kadà méjì á dúró. Ẹlẹ́pà á sọ igbá kalẹ̀. Ẹnì kan á ní ó pẹ́ tí òun ti ń fura sí ìdí igi yẹn. Ẹlòmíràn á béèrè bóyá dọ́là ni àbí náírà. Kó tó ṣẹ́jú pẹ́, ìyá á ti máa ṣàlàyé fún èrò tí kò gbà á gbọ́ pé ike tí òun jó epo láti Àkúrẹ́ wá wá, ìwé kékeré àti pẹ́ńsùlù ló wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ká ní ó ti kọ́kọ́ lọ bá bàbá ni, tó kúnlẹ̀ díẹ̀, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àwọn ọmọ mi ń ṣe eré kan tí wọ́n fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka máàpù, wọ́n sì ní ike kékeré kan wà nídìí igi yín yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá a, tí a bá rí i a ó ṣí i lójú yín," bàbá ì bá ti bá wọn wá a. Ó sì ṣeé ṣe kó ti mọ ibi tó wà láti àná.

Àwọn tó ń ṣe eré yìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní àṣà kan tó yàtọ̀ sí èyí. Wọn kì í fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ nípa eré náà rí wọn, kó má baà gbé ike lọ tàbí kó bà á jẹ́. Wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń di okùn bàtà títí ẹni tó ń kọjá á fi lọ. Èrò tèmi ni pé kí a fi àṣà yẹn sílẹ̀ fún wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn pàápàá ó ti dá wàhálà sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2011, ní ìlú Wetherby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan rí ọkùnrin kan tó ń fi ike kékeré pamọ́ láàárín ìlú, ara fu ú, ó sì pe ọlọ́pàá. Àwọn ológun tó ń tú bọ́ǹbù dé, wọ́n fọ́ ike náà yángá. Ike geocaching ni. Níhìn-ín, tí ẹ̀rù ajínigbé ti jẹ́ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ àlejò, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ láti ọdún 2020, èèyàn tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ pẹ̀lú ọmọ méjì lè bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, tàbí lọ́wọ́ èrò, èyí tó burú jù. Èrò tó ti bínú kì í gbọ́ àlàyé sátẹ́láìtì.

Nítorí náà, ike tó mọ́ kedere ni kí ẹ lò, èyí tí ojú ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Ẹ má lo agolo, ẹ má lo páìpù, ẹ má fi téèpù dúdú wé nǹkan kan. Ẹ fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé eré ọmọdé ni, pé kò sí ohun olówó nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù àgbàlagbà kan sí i. Ẹ sọ fún alága ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù àdúgbò. Ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ báǹkì, ilé epo, bárékè, afárá, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ẹ má sì fi í sí ọgbà ilé ìwé tí ọ̀gá ibẹ̀ ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ àti àgbègbè ààfin Déjì, tàbí ní àyíká ààfin Òṣemàwé ní Oǹdó, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ rárá. Ilẹ̀ tí ẹ rò pé kò ní onílẹ̀, ẹ wádìí: ẹbí kan ló ni ín, ẹjọ́ rẹ̀ sì lè wà ní kóòtù lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ bá àwọn ọmọ sọ ọ́ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a gbé pamọ́ ló jẹ́ tiwọn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti wà lọ́nà, tó rí igbá tàbí nǹkan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì ní oríta, lè sáré fọwọ́ kàn án pé òun ti rí i. Àgbàlagbà nìkan ni kó máa ṣí nǹkan. Tí kò bá sí àkọlé lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún béèrè kalẹ́ńdà ìlú kí ẹ tó jáde. Lásìkò ọdún Aheregbe ní Àkúrẹ́, ọjà máa ń wà ní títì. Ọdún Ọ̀ràmfẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀ ní Oǹdó. Kò yẹ kí ìdílé máa rìn kiri ẹ̀yìnkùlé onílé nírú àkókò bẹ́ẹ̀ nítorí ike.

Ibi tí ike ò gbọdọ̀ dé

Gbogbo ẹni tí mo bá ti sọ nípa eré yìí fún, Òkè Ìdànrè ló kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Mo mọ ìdí rẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló gòkè ibẹ̀, ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, wà lókè, àmì ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbóògùn wà níbẹ̀, ihò àti àlàfo òkúta sì pọ̀ tí ike lè wọ̀. Ìyẹn gan-an ni kò fi yẹ kí ike dé ibẹ̀. Ìlú ni òkè náà jẹ́ títí di àwọn ọdún 1920 tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Láti ọdún 2007 ló ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ibi tí ẹ rò pé ihò lásán ni, ojúbọ lè ni.

Ti Ihò Eléérú nítòsí Ìsarun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1965, onímọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì rí egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún. Kò sí èyí tó dàgbà tó o ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nígbà tí wọ́n rí i. Bí wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀ máa ń pele lé ara wọn, tìsàlẹ̀ ló pẹ́ jù, èédú àti òkúta tó bá wà nínú ìpele kan náà jẹ́ ẹgbẹ́. Ọmọ tó fi igi tú ilẹ̀ yẹn pẹ́rẹ́ láti wá ike ti da àná pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó lè tò ó padà.

Ọ̀nà mìíràn wà tó sàn, tèmi sì ni kí àwọn ìdílé tibí kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Láti ọdún 2004 ni oríṣi eré yìí kan ti wà tí wọ́n ń pè ní EarthCache, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń mójú tó o. Kò ní ike rárá. Ẹ máa lọ síbi tí nọ́ńbà tọ́ka sí, ẹ máa wo ilẹ̀ tàbí òkúta ibẹ̀, ẹ máa dáhùn ìbéèrè nípa rẹ̀, ó tán. Ìdànrè tọ́ sí irú èyí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ka àtẹ̀gùn náà fúnra wọn, torí iye tí ẹnì kan ń sọ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí ara àpáta fi ń bó ní pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni òkúta náà ti dì, níbi tí ẹrù ilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àgbàrá àti oòrùn kó ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ láti ìgbà pípẹ́, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó wú díẹ̀, ó sì là ní ìpele ìpele. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ kan èyí kò tún ní gbàgbé rẹ̀. Bàbá ọlọ́dẹ kankan ò sì ní bi yín léèrè ohun tí ẹ sọ nù.

Ejò, ọkọ̀ àti òjò

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ti ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ òkúta. Igi gígùn ni kí ẹ fi kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n, nítorí àkekèé àti paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn ibi tútù tí ike náà wà. Tí ejò bá bu èèyàn jẹ, ẹ má ṣín ojú ibẹ̀, ẹ má fa a lẹ́nu, ẹ má fi okùn fún un pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà mì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù kíá.

Ọmọ tó tẹjú mọ́ ọfà kì í rí ọ̀kadà. Ní òpópónà Oyèmẹkùn ní Àkúrẹ́ tàbí ní oríta èyíkéyìí ní Oǹdó, àgbàlagbà ni kó di fóònù mú títí ẹ ó fi kúrò ní títì. Ní ti òjò, ike tí ọmọrí rẹ̀ ò dé dáadáa kò ní rí oṣù Keje já: omi á wọ̀ ọ́, ìwé á di ẹ̀kọ, bírò á ṣàn. Ẹ lo pẹ́ńsùlù, ẹ sì fi ìwé náà sínú ọ̀rá tó ṣeé tì. Ẹ má fi bísíkíìtì tàbí súìtì sínú rẹ̀. Eèrà àti eku á ṣáájú yín débẹ̀.

Tí ike bá jẹ́ tiyín

Ike tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín, yálà ẹnikẹ́ni wá a tàbí kò wá a. Ẹ máa lọ wò ó, pàápàá lẹ́yìn ìgbà òjò àti nígbà ọyẹ́ tí wọ́n ń sun igbó. Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ mú àpò kan dání kí àwọn ọmọ ṣa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó wà láyìíká rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe eré náà káàkiri ayé ti ń ṣe irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2002. Tí onílẹ̀ bá yí ọkàn padà, ẹ má bá a jiyàn, ẹ gbé ike yín. Tí iṣẹ́ bá sì gbé yín kúrò ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ẹ lọ yọ ọ́ kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì padà lọ sọ fún bàbá ọlọ́dẹ pé kò sí nǹkan kan nídìí igi rẹ̀ mọ́.